Ẹ Bi Ìyá Oníkọ́tìnì: Réèlì Olókùn, Ògiri Tó Ń Já àti Okùn Tí Ọwọ́ Ọmọdé Lè Tó

Lẹ́tà tó wọlé lórí kọ́tìnì olókùn pọ̀ lóṣù yìí, ìyẹn irú èyí tó jẹ́ pé okùn ẹ̀gbẹ́ réèlì la máa ń fà kí aṣọ méjèèjì tó pínyà tàbí kí wọ́n tó pàdé láàárín. Inú mi dùn sí i, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Èmi ni mo ń rán aṣọ, èmi náà ni mo ń gun àkàbà lọ de irin rẹ̀ mọ́ ògiri. Mo yan mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà. Ìdáhùn àkọ́kọ́ gùn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Fèrèsé pálọ̀ mi fẹ̀ tó 180 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó bá mi kan réèlì olókùn tí mo rà gbé e sí etí férémù fèrèsé gan-an. Kò pẹ́ rárá tí igun ọ̀tún fi já, tòun ti síkúrù àti ìyẹ̀pẹ̀. Kódà kó tó já, bí a bá ṣí kọ́tìnì náà tán, aṣọ ṣì ń bo gíláàsì lápá méjèèjì. Mo fẹ́ tún un kàn fúnra mi. Báwo ni kí n ṣe é?*
*Ìyàwó tó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé*

Ìyàwó mi, ó dáa bí o ṣe fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ṣe é. Kí o tó gbé dírílù, kọ́kọ́ mọ ohun tó já a lulẹ̀. Ọ̀pá kọ́tìnì lásán, aṣọ nìkan ló ń gbé. Réèlì olókùn ń gbé aṣọ, ó tún ń gba fífà. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ọwọ́ èèyàn á fa okùn yẹn wálẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni ipá rẹ̀ sì ń lọ: igun tí púlì wà, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé igun okùn ló máa ń kọ́kọ́ já, mo sì gbà pé apá ọ̀tún ni okùn tìrẹ wà. Síkúrù tó bá dúró sínú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri nìkan kò lè pẹ́ lábẹ́ irú fífà bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré tó wà lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì náà.

Jẹ́ ká wọn fífẹ̀ ná. Aṣọ tí a fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í pòórá, ó ń wá ibi tí yóò kó ara jọ sí. Bí aṣọ bá nípọn, tó sì ní ìtẹ́nú, ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ fèrèsé ni mo máa ń fi kún réèlì fún un. Ìdá kan nínú mẹ́ta 180 jẹ́ 60. Pín in sí méjì: 30 sẹ̀ǹtímítà kọjá férémù lápá ọ̀tún, 30 lápá òsì. Réèlì rẹ gbọ́dọ̀ gùn tó 240 nígbà náà, gíláàsì rẹ á sì yọ pátá bí o bá ṣí i. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò gba àyè tó bẹ́ẹ̀, 20 lápá kọ̀ọ̀kan lè tó o. Ọ̀pọ̀ réèlì ló ṣeé fà gùn, tí irin kan ń wọnú èkejì, nítorí náà wo nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀ bóyá tìrẹ lè dé 240 kí o tó lọ ra òmíràn. Má fà á dé òpin rẹ̀ o. Ibi tí irin méjèèjì ti wọnú ara wọn ló máa ń tẹ̀.

Ní ti gíga, 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà lókè férémù bójú mu. Èmi a máa gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àyè bá wà, torí pé aṣọ tó gùn ń jẹ́ kí yàrá ga lójú. Àmọ́ mọ ohun tó wà nínú ògiri níbi tí o fẹ́ lu. Lókè fèrèsé ilé búlọ́ọ̀kù, líńtẹ́ẹ̀lì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kọnkéré tó ní irin nínú. Ó le láti lu, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí síkúrù ti ń dúró bíi tibẹ̀. Dírílù tó ń gbá bó ṣe ń yí ni kí o lò, pẹ̀lú ẹnu dírílù tí wọ́n ṣe fún kọnkéré. Bí ẹnu náà bá kàn ń han tí kò wọlé mọ́, irin lo bá pàdé yẹn. Má fi agídí lù ú. Sún ihò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, kí o sì sún ẹsẹ̀ réèlì, ìyẹn irin tó dè é mọ́ ògiri, tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ òkè líńtẹ́ẹ̀lì lo wà, búlọ́ọ̀kù níbẹ̀ lè ní ihò nínú. Wàá mọ̀, nítorí dírílù yóò ṣàdédé já sínú òfìfo. Físà ni ike tí a ń ki bọ inú ihò kí síkúrù lè dì mú; irú èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ sẹ́yìn ihò nígbà tí a bá ń de síkúrù ni kí o wá fún irú ibẹ̀, nítorí èyí tó wọ́pọ̀ kò ní rí nǹkan há mọ́.

Kí o tó lu ihò kankan, wo ibi tí súwíìsì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri yẹn. Wáyà iná sábà máa ń gba ọ̀nà tààrà gòkè tàbí wálẹ̀ láti ibẹ̀, tàbí kó gba ẹ̀gbẹ́ lọ tààrà. Má ṣe lu ojú ọ̀nà yẹn rárá.

Nísinsìnyí, ihò. Físà onínáílọ́nù tí Artur Fischer, ọmọ Jámánì, gbé jáde lọ́dún 1958 ni gbogbo wa ṣì ń lò irú rẹ̀ dòní: bí síkúrù bá ṣe ń wọ inú rẹ̀ ni yóò máa là, tí yóò sì há mọ́ ògiri. Kò lè há mọ́ ihò tó ju tiẹ̀ lọ. Físà mìlímítà 6, ẹnu dírílù mìlímítà 6. Bí aṣọ rẹ bá wúwo, lo 8 fún 8. Síkúrù kò gbọdọ̀ kúrú ju 5 sẹ̀ǹtímítà lọ, torí pé sìmẹ́ǹtì ara ògiri nìkan lè gba sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 nínú rẹ̀. Àwọn síkúrù wẹ́wẹ́ tó máa ń wà nínú páálí réèlì, igi ni mo máa ń lò wọ́n fún, mi ò jẹ́ fi wọ́n de ògiri láé. Lẹ téèpù mọ́ ara ẹnu dírílù níbi tó bá fi díẹ̀ gùn ju físà lọ, kí o lè mọ ìgbà tí ihò ti jìn tó. Lẹ́yìn náà, fẹ́ eruku inú ihò náà jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí. Físà tó jókòó sórí eruku ò dì mọ́ nǹkan kan.

Ní ti ihò tó ti fọ́ lápá ọ̀tún, má ṣe gbàgbọ́ nínú kí a máa ki èèrún igi tàbí bébà bọ̀ ọ́. Bí o bá ti sún réèlì gùn sí 240, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sí ibi tuntun, wàá kàn dí ihò àtijọ́ kí o sì kùn ún. Bí ògiri náà bá rọ̀ káàkiri, pákó ni mo máa ń lò: pákó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀, tó gùn tó réèlì, tí a fi físà mẹ́fà tàbí méje dè mọ́ ògiri lọ́gbọọgba, kí a kùn ún ní àwọ̀ ògiri, ká wá de ẹsẹ̀ réèlì mọ́ pákó. Ipá okùn á tàn ká gbogbo físà yẹn dípò kó dá lé méjì lórí. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí débi pé bí oníbàárà bá yọ̀ǹda, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dábàá fún ògiri tó ti gbó.

Fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi ẹsẹ̀ méjèèjì, kí o fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí bíríkìlà ń lò wò ó bóyá wọ́n dọ́gba. Bí àjà tàbí férémù rẹ bá dagun, ohun tó sún mọ́ réèlì jù lọ ni kí o tẹ̀ lé, nítorí ojú èèyàn ni yóò máa wò ó lójoojúmọ́. Réèlì tó bá ju 120 sẹ̀ǹtímítà lọ nílò ẹsẹ̀ àárín. Ẹyọ kan tó fún 240 bí aṣọ bá fúyẹ́, méjì bó bá wúwo. Jẹ́ kí iwájú réèlì jìnnà sí ògiri ní nǹkan bíi 8 sí 10 sẹ̀ǹtímítà kí aṣọ má bàa máa kọlu ọwọ́ fèrèsé.

Kó tó gòkè, tẹ́ réèlì náà sílẹ̀, kí o fa okùn rẹ̀ lọ bọ̀. Ohun tó bá há nílẹ̀ á há lókè, ó sì sàn kí o tún un ṣe ní ìjókòó. Ìsinsìnyí náà ni kí o yan apá tí okùn máa wà. Ọ̀pọ̀ réèlì ló gbà kí a gbé e láti ọ̀tún sí òsì. Yan apá tó jìnnà sí ilẹ̀kùn, tí ọwọ́ lè dé láìjẹ́ pé èèyàn ń gun àga kọjá. Nígbà tí o bá ń fi aṣọ kọ́, bẹ̀rẹ̀ láti àárín: rọ́nà ni àwọn nǹkan kékeré tó ń rìn nínú réèlì tí a ń fi ìkọ́ aṣọ kọ́; kí ìkọ́ àkọ́kọ́ lọ sínú ọ̀gá rọ́nà, ìyẹn èyí tó tóbi jù tó ń ṣíwájú aṣọ, kí ìyókù tẹ̀ lé e sínú àwọn rọ́nà kéékèèké, kí ìkọ́ ìgbẹ̀yìn lọ sínú ihò ẹsẹ̀ réèlì lẹ́bàá ògiri, kí aṣọ lè yí igun wọlé, kí ìmọ́lẹ̀ má máa gba ẹ̀gbẹ́ yọ.

*Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá fa okùn, aṣọ apá ọ̀tún á dé àárín, ti òsì á dúró sí ìdajì ọ̀nà. Ọmọ mi ní kí n jù ú nù. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?*
*Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì*

Ẹ má jù ú nù, bàbá. Kò bàjẹ́. Ọ̀gá rọ́nà méjì ló wà nínú réèlì yín. Wọ́n so okùn ní kókó mọ́ ọ̀kan. Èkejì kò ní kókó, ahọ́n irin tàbí ike kékeré kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi okùn kọ́. Okùn ti yọ kúrò lára ahọ́n yẹn, ìdí nìyẹn tí apá kan ò fi bá èkejì rìn mọ́.

Ẹ fa okùn títí èyí tó ní kókó yóò fi lọ dé ìpẹ̀kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé kọ́tìnì ti ṣí tán. Kí ẹnì kan di okùn náà mú kó má lọ, kó má bọ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ ti ọ̀gá rọ́nà kejì lọ sí ìpẹ̀kun tirẹ̀, kí ẹ fi okùn tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá kọ́ ahọ́n náà. Bí ẹ bá fà á báyìí, àwọn méjèèjì á pàdé láàárín. Kí ọmọ yín ni kó gun àkàbà o, ẹ̀yin ẹ di okùn mú nísàlẹ̀.

*Mà, ọmọ mi ọkùnrin ti ń rìn. Okùn kọ́tìnì yàrá wa rọ̀ wálẹ̀ bí òrùka gígùn títí dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọkọ mi ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé mo kàn ń bẹ̀rù ni. Kí lẹ rò?*
*Ìyá ọmọ kan*

Ìyá ọmọ, ìbẹ̀rù rẹ tọ́. Jọ̀wọ́, gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí, kí o tó ka ìyókù.

Okùn tó rọ̀ bí òrùka lè kọ́ ọmọdé lọ́rùn. Ọmọ tó bá subú sínú rẹ̀ kò lè kígbe, torí pé èémí rẹ̀ ti há, kì í sì í pẹ́ rárá kí ó tó di ewu ikú, nígbà mìíràn kò tó ìṣẹ́jú kan. Àjọ CPSC tó ń mójú tó ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ pé nǹkan bí ọmọ 9 tí kò ju ọdún 5 lọ ni okùn kọ́tìnì àti ti àwọn ìbojú fèrèsé mìíràn ń pa níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé tí àwọn òbí wà nínú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Sọ fún ọkọ rẹ pé èmi ni mo ní kó ka ìpínrọ̀ yìí.

Ohun tó yẹ ká ṣe kò le. Réèlì olókùn tó pé máa ń ní púlì kékeré kan fún ìsàlẹ̀ okùn, a sì gbọ́dọ̀ fi síkúrù dè é mọ́ ògiri tàbí ilẹ̀ títí okùn yóò fi le gbọin, tí òrùka kò ní lè là láti gba orí ọmọ. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo wọ̀, inú páálí ni púlì yìí ṣì wà, nítorí ẹni tó kan réèlì rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí o kò bá rí i mọ́, ra òmíràn. Tún un wò látìgbàdégbà, torí pé okùn máa ń gùn sí i bó bá ti ń pẹ́. Bó bá jẹ́ okùn méjì olórí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tìrẹ, de ìkọ́ mọ́ ògiri ní 150 sẹ̀ǹtímítà sókè láti ilẹ̀, ó kéré tán, kí o máa wé okùn náà mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà tí o bá fà á tán. Àga, àpótí, àti ohunkóhun tí ọmọ lè gùn, kó kúrò lábẹ́ fèrèsé.

Fún yàrá ọmọ, èmi kì í kan réèlì olókùn mọ́. Réèlì kan wà tó jẹ́ ọ̀pá fẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń fà á. Ọ̀pá náà rọ̀ mọ́ ọ̀gá rọ́nà, okùn kankan ò sí níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ní okùn lòun fẹ́ fún yàrá ọmọ kékeré, mo máa ń sọ fún un pé kó wá ẹlòmíràn.

*Mo ti kan réèlì mi tán, 240 sẹ̀ǹtímítà. Mélòó ni kí aṣọ fẹ̀, ìkọ́ mélòó ni mo nílò, ibo ni kí etí aṣọ dé?*
*Télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ́tìnì*

Kò sí réèlì tó lè ṣe aṣọ tín-ín-rín lóge. Aṣọ kọ̀ọ̀kan yóò bo ìdajì réèlì, 120, yóò sì fi bíi 4 sí 5 gorí èkejì láàárín, yóò tún fi bíi 9 yí igun lọ bá ògiri. Bíi 133 nìyẹn fún ẹyọ kan lẹ́yìn tí o bá ti ṣẹ́ ẹ tán. Aṣọ tí o máa gé gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ sí méjì àbọ̀, láìka etí. Èmi kì í gba kó dín sí méjì. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú tó pọ̀ sàn ju èyí tó gbówó lórí tó nà tàn-án bí ìlù lọ.

Bí ìkọ́ bá wà ní 10 sẹ̀ǹtímítà síra wọn, 14 lo máa nílò fún aṣọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀gá rọ́nà rẹ bá gba 2, tí ẹsẹ̀ réèlì gba 1, á ku 11 fún rọ́nà. Bí rọ́nà bá ṣẹ́ kù, yọ wọ́n gba ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun réèlì, má jẹ́ kí wọ́n dúró sáàárín aṣọ, wọn á máa há.

Ní ti etí ìsàlẹ̀, má ṣe rán an pa kí o tó gbé e kọ́. Fi abẹ́rẹ́ mú un ṣánṣán, gbé e kọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí aṣọ fa ara rẹ̀ sílẹ̀, kí o wá wọn ọ̀tún, òsì àti àárín, torí ilẹ̀ kì í sábà dọ́gba. Sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1 àbọ̀ ló yẹ kó fi jìnnà sí ilẹ̀. Kọ́tìnì olókùn tó ń wọ́lẹ̀ á máa fi ìwúwo kún ohun tí okùn ń fà.

*Ayálégbé ni mí, onílé kò fẹ́ ihò lára ògiri. Ṣé mo lè lo ọ̀pá tó ń fún ara rẹ̀ mọ́ ògiri méjì fún kọ́tìnì olókùn?*
*Ayálégbé*

Rárá, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀pá yẹn kò ní nǹkan tó di í mú ju fífún lọ, ọjọ́ tí o bá fa okùn dáadáa ló máa wá sílẹ̀. Bí férémù fèrèsé rẹ bá jẹ́ igi, bẹ onílé kó jẹ́ kí o de ẹsẹ̀ réèlì mọ́ ọn. Ihò igi rọrùn láti dí. Bí kò bá gbà, lo ọ̀pá lásán pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí o máa fi ọwọ́ fà.

*Réèlì mi ti pẹ́. Ó ń ké bí mo bá ń fà á, okùn rẹ̀ sì ti ń tú fọ́nrán fọ́nrán. Mo fi òróró sí i, ó tún wá burú sí i.*
*Ìyá àgbà*

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, mà. Òróró ń mú eruku ni, á sì tún lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú réèlì náà dáadáa títí òróró yẹn yóò fi kúrò, kí ẹ wá fọ́n sílíkọ́ọ̀nù díẹ̀ sí i, èyí tó máa ń gbẹ, kí ẹ tó dá aṣọ padà.

Ní ti okùn, ẹ má dúró kó já, nítorí bó bá já tán, ẹni tó máa tún un wé yóò ní láti tú gbogbo réèlì sílẹ̀. Ẹ ra okùn kọ́tìnì tó nípọn bákan náà. Gígùn rẹ̀ ni gígùn réèlì lọ́nà méjì, àti láti réèlì dé púlì ìsàlẹ̀ lọ́nà méjì, kí ẹ fi bíi 50 sẹ̀ǹtímítà kún un fún kókó. Ẹ tú kókó okùn àtijọ́ lára ọ̀gá rọ́nà, ẹ fi orí kan orí, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ rán orí okùn tuntun mọ́ orí okùn àtijọ́ láìjẹ́ kó nípọn ju okùn lọ. Bí ẹ bá wá ń fa ti àtijọ́ jáde lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú tuntun gba gbogbo púlì kọjá. Ẹ so kókó tuntun síbi tí ti àkọ́kọ́ wà, kí ẹ fi okùn kọ́ ahọ́n ọ̀gá rọ́nà kejì bí mo ṣe ṣàlàyé fún bàbá lókè, kí ẹ sì fún púlì ìsàlẹ̀ le padà.